Ìpara Táyà: Ohun Tí Mo Ń Wò Kí N Tó Fi Kan Ọkọ̀ Mi

Ní Sátidé kan nígbà ọyẹ́, mo gbé ọkọ̀ mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Ìjẹdẹ̀, ní Ìkòròdú níbí tí mò ń gbé, mo sì fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kí n lè yára ra nǹkan ọbẹ̀ ní Sábó. Nígbà tí mo padà dé, ọkọ̀ ti mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n àwọn táyà ni ojú mi kọ́kọ́ lọ bá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán yinrin bí ara ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi adí pa. Inú mi dùn, mo fi owó díẹ̀ lé iye tí a jọ dá, mo sì wa ọkọ̀ lọ kí ìbátan mi kan ní Odòńgúnyán. Kí n tó padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, eruku pupa ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà yíká bí gààrí ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọmọdé, ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi tó jẹ́ funfun sì ti kún fún tótòtó dúdú láti ìdí táyà títí dé ibi tí ọwọ́ ti ń ṣí i. Mo fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kò lọ. Kẹrosíìnì ni mo fi nù ún kí ó tó kúrò, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ fi yé mi pé ohun tó wà lára táyà mi kì í ṣe ohun tí omi lè bá sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé mo padà síbẹ̀, n kò sì bá ìjà lọ. Mo kí wọn, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fi pa táyà mi lọ́jọ́ Sátidé?” Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dáhùn pé, “Táyà páálíṣì ni, Àǹtí. Ojúlówó ni.” Mo ní kí ó jẹ́ kí n rí i. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 5 kan jáde tí ohun dúdú kan wà nínú rẹ̀, òórùn dísẹ́lì sì ti dé ọ̀dọ̀ mi kí kẹ́ẹ̀gì náà fúnra rẹ̀ tó dé. Kò purọ́ fún mi. Ó ní ìpara táyà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dísẹ́lì ni wọ́n fi ń là á, nítorí pé bí wọ́n bá ń lo ti inú ìgò nìkan, kò ní bá wọn dé ìparí ọ̀sẹ̀. “Àwọn oníbàárà ń fẹ́ kí ó dán ni, Àǹtí. Bí kò bá dán, wọn a ní a kò fọ ọkọ̀.” Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, nítorí èmi náà wà lára àwọn oníbàárà ọ̀hún, dídán yẹn ni mo sì fi owó lé owó nítorí rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ ìpara táyà yìí, tí mo ń ra oríṣiríṣi, tí mo ń ka ara ìgò, tí mo sì ń bi àwọn tó mọ̀ léèrè. Ibi tí mo fi orí ọ̀rọ̀ náà tì sí ni pé ohun tí wọ́n fi po ìpara, ìyẹn bóyá omi ni tàbí epo rọ̀bì, ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo bí ó ṣe ń dán. Bí a bá ti mọ ìyẹn, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bóyá yóò ba táyà jẹ́, bóyá yóò ta sí ara ọkọ̀, àti bóyá yóò pẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú táyà fúnra rẹ̀. Rọ́bà kì í ṣe dúdú láti ilẹ̀ wá. Oje igi rọ́bà funfun bíi wàrà ni, àwọn táyà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ayé àtijọ́ kò sì dúdú. Ohun tó sọ ọ́ di dúdú ni lẹ́búlẹ́bú èédú kan tó kúnná ju àtíkè lọ, tí wọ́n ń rí nípa sísun epo níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀ tó. Lẹ́búlẹ́bú yìí ń fún rọ́bà lágbára kí ó má tètè jẹ lójú títì, ó sì ń gba ìtànṣán oòrùn sí ara rẹ̀ kí ìtànṣán náà má ba rọ́bà jẹ́. Wọ́n tún ń po ìda mọ́ ọn, àti àwọn èròjà mìíràn tó ń dènà ósóònù. Ósóònù jẹ́ irú afẹ́fẹ́ kan tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà tó láti máa gé rọ́bà jẹ wẹ́wẹ́ níbi tí rọ́bà bá ti ń nà, títí ẹ̀gbẹ́ táyà yóò fi sán bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìda àti àwọn èròjà wọ̀nyí kì í dúró sí ojú kan nínú rọ́bà. Bí táyà bá ti ń yí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ tí ó sì ń nà, wọ́n á máa rọra jáde wá láti bo ojú rọ́bà níta. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sínú ọgbà fún ọdún méjì fi sábà máa ń ní táyà tó sán ju ti ọkọ̀ tó ń rin Ìkòròdú sí Máìlì 12 lójoojúmọ́ lọ, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ ṣì ga dáadáa. Àwọ̀ tó dà bí igi gbígbẹ tí a máa ń rí lára táyà tó ti pẹ́, eruku ìlú wa ni mo ti máa ń dá lẹ́bi fún un tẹ́lẹ̀. Eruku wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni èròjà adènà-ósóònù tó ti jáde síta, tó ti bá afẹ́fẹ́ jà, tí agbára rẹ̀ sì ti tán. Nítorí náà, táyà ń fi oògùn tirẹ̀ pa ara rẹ̀ láti inú wá. Ìpara tó dára ni èyí tí kò ní fọ oògùn náà dànù. Dísẹ́lì, kẹrosíìnì, bẹntiróòlù àti ọ́ìlì tí wọ́n tú láti inú ẹ́ńjìnnì máa ń yọ́ ìda, wọ́n sì máa ń wọ inú rọ́bà lọ.

N kò kàn fẹ́ gba èyí gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Mo lọ bá bàbá tó ń lẹ táyà ní ìta ilé wa, mo ní, “Bàbá, ẹ bá mi gé díẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ táyà tí ẹ ti sọ nù.” Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bi mí bóyá bàtà ni mo fẹ́ fi ṣe. Wọ́n gé e fún mi ní márùn-ún, gbogbo rẹ̀ gùn tó ìka mi, mo sì fi rúlà wọn gígùn àti fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rẹ ọ̀kan sínú dísẹ́lì, ọ̀kan sínú kẹrosíìnì, ọ̀kan sínú ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú láti inú ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan sínú ìpara táyà olómi tí mo rà, mo sì fi ìkarùn-ún sílẹ̀ lásán. Ọjọ́ 10 ni mo fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo yọ wọ́n, ti inú dísẹ́lì àti ti inú kẹrosíìnì ti wú, wọ́n gùn ju bí mo ṣe wọ̀n wọ́n lọ, wọ́n rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí èékánná mi fi ń wọ̀ wọ́n lára, dúdú wọn sì ń yí mi lọ́wọ́. Ti inú ọ́ìlì wú díẹ̀, kò tó tiwọn. Ti inú ìpara olómi kò yàtọ̀ sí èyí tí mo fi sílẹ̀ lásán, àfi pé ó dúdú jù ú lọ. Kí n má bàa parọ́ mọ́ àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀, rírẹ rọ́bà sínú dísẹ́lì fún ọjọ́ 10 le ju fífi asọ nu dísẹ́lì sí i lára lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré kò lè pa táyà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fọ ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìgbà 52 ni táyà rẹ̀ yóò mu dísẹ́lì láàárín ọdún kan.

Ìpara tí wọ́n fi epo rọ̀bì pò máa ń mọ́ gaara tàbí kí ó ní àwọ̀ díẹ̀, ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ó máa ń gbóòórùn bí ilé mẹkáníìkì, dídán rẹ̀ sì máa ń fa ojú mọ́ra. Lára ìgò tàbí agolo rẹ̀, ẹ óò rí irú ọ̀rọ̀ bíi “petroleum distillates”, “naphtha” tàbí “mineral spirits”, ẹ óò sì sábà rí àmì iná tó ń jó. Ìpara tí wọ́n fi omi pò máa ń funfun bíi wàrà tàbí bí ọṣẹ olómi, kì í sábà ní òórùn tó le, kò sì ní àmì iná. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ọjà wa. Ìgò tí wọ́n ti lò tán lè padà wá sórí àtẹ pẹ̀lú ohun mìíràn nínú rẹ̀, nítorí náà, ara ìgò nìkan kò tó fún mi. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń bu omi sínú abọ́ funfun, màá sì kán ìpara náà sí i bí ẹ̀kán mẹ́ta. Èyí tí wọ́n fi omi pò yóò tú ká, omi náà yóò sì di funfun bí omi ògì. Èyí tí wọ́n fi epo pò yóò léfòó sókè, yóò máa ṣe òṣùmàrè lójú omi. Ọ̀kan wà tí mo rà ní ọjà tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ gàdàgbà pé omi ni wọ́n fi ṣe é, tó sì léfòó bí epo pupa lórí ọbẹ̀. Mo dá a padà, ẹni tó tà á fún mi sì gbà á láìjanpata, èyí tó yà mí lẹ́nu ju ìpara náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rù sílíkóònù, wọ́n sì máa ń sọ pé òun ló ń ba táyà jẹ́. N kò rò pé ẹ̀bi náà tọ́ sí i. Òróró sílíkóònù ló ń mú kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpara táyà dán, àti ti olómi àti ti elépo, kì í sì í yọ́ rọ́bà fúnra rẹ̀. Epo tí wọ́n fi là á ló ń wọ inú rọ́bà lọ. Àwọn tí sílíkóònù ń yọ lẹ́nu ní tòótọ́ ni àwọn tó ń fín ọ̀dà sí ọkọ̀ lára. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé bí sílíkóònù bá ti ta sí ara páànù ọkọ̀, tí wọn kò sì nù ún kúrò dáadáa, ọ̀dà tuntun kì yóò dúró níbẹ̀, yóò máa sá kúrò, yóò sì fi ihò róbótó-róbótó sílẹ̀ bí ojú ẹja. Ìdí mìíràn nìyí tí n kò fi fẹ́ ìpara tó ń ta kiri.

Irú kẹta tún wà, èyí tí kì í ṣe ìpara mọ́ bí kò ṣe ohun tó ń gbẹ mọ́ ara táyà bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ mọ́ ògiri. Ó máa ń lò tó oṣù mélòó kan kí ó tó ṣí, eruku kì í lẹ̀ mọ́ ọn, kì í sì í ta. Ó wọ́n púpọ̀, ó sì ń fẹ́ kí táyà mọ́ kanlẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún, nítorí pé ìdọ̀tí tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ yóò bá a gbé ibẹ̀. Ẹni tó ń gbé níbi tí ọ̀nà ti dára lè rà á. Ní ti àwa tí à ń wọ inú kòtò tó kún fún omi, tí à ń fi ẹ̀gbẹ́ táyà họ ara kọnkéré gọ́tà bí a bá ń yà fún dáńfó, ibi tí ó bá ti họ ni yóò ti máa ṣí bí èèpo, títúnṣe rẹ̀ kò sì rọrùn. N kò tíì rí ìdí tí màá fi ná owó bẹ́ẹ̀.

Ní ti pípẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lórí ọkọ̀ tèmi. Ìpara olómi tó dára, bí mo bá pa á sí táyà tó mọ́ tó sì gbẹ, máa ń lò tó ọjọ́ 10 sí ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Keje, kì í ju ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, èyí tí kò sì dára rárá á ti ṣàn lọ lẹ́yìn òjò kan ṣoṣo, á fi ilà funfun sílẹ̀ bí ojú ẹni tó sunkún lẹ́yìn tó fi àtíkè para. Ìpara elépo máa ń pẹ́ ju èyí lọ nínú òjò, n kò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́, lójú ọ̀nà tí wọn kò dà kọlítà sí, kì í dán ju wákàtí díẹ̀ lọ kí eruku tó sọ ọ́ di pupa, eruku náà kò sì ṣeé gbọ̀n dànù nítorí pé epo ti dì í mú. Kí ni àǹfààní kí dídán wà lábẹ́ eruku? Èyí tó ń gbẹ tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni mo ń pè ní èyí tó pẹ́, bí dídán rẹ̀ kò tilẹ̀ ju ti táyà tuntun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ. Mo tún ti wá fẹ́ràn àwọ̀ dúdú tí kò dán púpọ̀ yẹn ju èyí tó ń kọ mànà lọ. Ó dà bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó para àti ẹni tí wọ́n da òróró lé lórí.

Bí a ṣe ń fọ táyà kí a tó pa á ṣe pàtàkì ju irú ìpara lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo fi ọṣẹ ìfọkọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì tó le díẹ̀ fọ táyà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Fọ́ọ̀mù ọṣẹ tó jáde nígbà àkọ́kọ́ dà bí kòkó tí a kò fi mílíìkì sí, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì dà bí tíì, ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta kí ó tó funfun. Bí fọ́ọ̀mù kò bá tíì funfun, ìpara tí a bá fi sí i yóò kàn lẹ̀ mọ́ ìpara àtijọ́ àti ìdọ̀tí ni, yóò sì bá wọn lọ nígbà tí òjò bá rọ̀. Mo yẹra fún ọṣẹ olómi tí wọ́n po sódà tó pọ̀ mọ́, mo sì yẹra fún bílíìṣì, nítorí pé wọ́n le jù, wọ́n sì lè ba ríìmù aláwọ̀ fàdákà jẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo ń fọ̀ ọ́ líle bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ pé ohun tó ń jáde síta lára táyà ni oògùn rẹ̀, bí a bá sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí tí kò fi ní sí ohunkóhun lójú rẹ̀, àwa náà kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń lo dísẹ́lì. Lẹ́yìn fífọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, fóòmù rírọ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, pẹ̀lú àwọn ihò kéékèèké tó wà nínú lẹ́tà ara táyà, nítorí pé omi tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ ni yóò la ìpara náà tí yóò sì jẹ́ kí ó ṣàn. Mi ò kí ń ṣe é nínú oòrùn ọ̀sán, nígbà tí táyà gbóná bí agbada. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń yàn, lábẹ́ òjìji. Mo máa ń da ìpara náà sí orí fóòmù, n kì í fọ́n ọn sára táyà tààrà, màá sì pa á ní tínrín yíká ẹ̀gbẹ́ táyà. Màá dúró fún ìṣẹ́jú 20, màá wá fi asọ gbígbẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù lórí rẹ̀. Nínù yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe, òun gan-an ni kì í jẹ́ kí ìpara ta sí ara ilẹ̀kùn. Bí mo bá fi tíṣù funfun kàn án lẹ́yìn èyí tí tíṣù náà sì dúdú, mo mọ̀ pé yóò ta, màá tún un nù. Ìgò mílílítà 500 kan máa ń lò mí tó oṣù mẹ́rin, nítorí náà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ju ti kẹ́ẹ̀gì àwọn ọmọ yẹn lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò mọ sórí rọ́bà nìkan. Apá táyà tó ń tẹ ilẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ìpara rárá, ìbáà jẹ́ olómi, ìbáà jẹ́ elépo. Àbúrò mi ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí kí ó tó yé mi dáadáa. Ó gbé alùpùpù rẹ̀ lọ fọ̀ níbì kan, wọ́n sì fi inú rere pa táyà rẹ̀ yíká láìyọ ojú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó ṣe fẹ́ yà wọ ojú ọ̀nà ńlá ni alùpùpù náà yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ọkọ̀ ńlá kò sí lẹ́yìn rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nìkan ló bó. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n alùpùpù máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ó bá ń yà, ibi tí wọ́n pa ìpara sí náà yóò sì di ibi tó ń tẹ ilẹ̀. Nítorí náà, fún alùpùpù, ọṣẹ àti omi nìkan ti tó, n kò sì rí àwíjàre kankan fún ẹni tó bá ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a tún ṣọ́ra kí ìpara má fọ́n gba inú ihò ríìmù lọ sí ara irin bíréèkì, nítorí pé bíréèkì tó bá ti yọ̀ kò ní mú bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ìdí mìíràn tí mo fi ń lo fóòmù dípò kí n máa fọ́n ọn nìyẹn. Agolo tó ń fọ́n sì máa ń ní gáàsì tó lè gbiná nínú. Fífi í sínú búùtù ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn Ìkòròdú láti àárọ̀ títí di ọ̀sán jẹ́ ohun tí ara mi kò gbà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ń dùn mí ju gbogbo èyí lọ. Ìpara táyà lè fi ọjọ́ orí pamọ́. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta táyà tòkunbọ̀, ẹ óò rí i pé gbogbo wọn ló dúdú, gbogbo wọn ló ń dán, ojú àwọn tó ti lo ọdún méje àti àwọn tó lo ọdún méjì sì jọra. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Michelin ti ti ilé ìṣe-táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní ọdún 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008, òkè òkun ni à ń wò fún táyà, tuntun àti tòkunbọ̀. Ohun tí kò ṣeé fi ìpara bò ni nọ́ńbà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ FRSC tó ń mójú tó ojú pópó ní orílẹ̀-èdè wa ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà náà máa ń wà, àwọn tó ń ta táyà tí kò dára sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀gbẹ́ yẹn sí ògiri. Ẹ ní kí wọ́n yí i padà.

Bí táyà bá ti sán, ìpara kò lè lẹ̀ ẹ́. Mo rí èyí lára táyà ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ọkọ̀ mi ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ títí fọ́ọ̀mù fi funfun. Lábẹ́ gbogbo páálíṣì ọjọ́sí, ó ti sán tín-ín-rín tín-ín-rín yíká, nítòsí ríìmù. Mo fi han bàbá tó ń lẹ táyà. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí ẹnu ibi tó sán náà lè là, wọ́n sì bi mí pé, “Ṣé èyí lẹ fẹ́ wà dé Ẹ̀pẹ́?” Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fẹ́ gba ọ̀nà Ìtòíkin lọ sí ibi ìgbéyàwó kan ní Ẹ̀pẹ́ lóòótọ́. Mo ra táyà tuntun kí n tó lọ.

Mo ṣì ń gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà Ìjẹdẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yẹn kan náà, nítorí pé wọ́n mọ ọkọ̀ fọ̀. Ìpara mi ni mo ń mú dání láti ilé, èyí àgbà nínú wọn sì ti sọ ọ́ ní “wàrà Àǹtí” nítorí pé ó funfun. Kẹ́ẹ̀gì dísẹ́lì ṣì wà ní igun ṣọ́ọ̀bù, nítorí àwọn tó ń fẹ́ kí ó dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, mo bá èyí àgbà náà tó lóṣòó ti táyà bọ́ọ̀sì kan, tó fi asọ tútù nu ìdí lẹ́tà DOT, tó sì ń ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè fún awakọ̀ náà.